Ìyá Bíréékì Ra Mọ́tò Tirẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí àbúrò mi obìnrin jẹ́, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nínú mọ́tò tí ẹlòmíràn ń wà. Kí awakọ̀ tó rí kòtò, ẹsẹ̀ ọ̀tún àbúrò mi á ti tẹ ilẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ gbọin. Kò sí bíréékì níbẹ̀ o, òun náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, nínú mọ́tò funfun kan tí wọ́n ṣe bíréékì kejì sí níwájú ìjókòó olùkọ́, ẹsẹ̀ náà ò sì mọ ìyàtọ̀ mọ́. Àwọn tó ń kọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Bíréékì. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn ọmọ tó bí gan-an máa ń fi pè é bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aṣọ ni mò ń rán, mi ò mọ mọ́tò wà, mi ò sì ní sùúrù. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pariwo nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Pápá kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ládùúgbò wa, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ wọn. Á to àwọn agolo ọ̀dà tó ti ṣófo sí méjì-méjì, á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀yìn mọ́tò wọ àárín wọn. Mo máa ń gbé aṣọ tí mo bá ń ṣẹ́ létí lọ jókòó síbẹ̀, torí atẹ́gùn ibẹ̀ dáa, mo sì ti rí ohun tójú ń rí. Mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń sunkún nítorí pé mọ́tò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo rí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó tẹná nígbà tó yẹ kó tẹ bíréékì, tó dorí kọ ògiri ilé ẹ̀kọ́ tààrà. Àbúrò mi kì í pariwo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti débi tó yẹ kó dé, mọ́tò á dúró gbagidi. Gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo wọn: “A ò kú. Ṣáná sí i, ká máa lọ.” Kò ní bú wọn. Èmi ni mo máa ń bá a bú wọn níbi tí mo jókòó sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Ìyá Bíréékì fẹ́ràn eré. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa rán wa ní òróró, bí a sì ṣe dé oríta ni ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kan kọjá, ilẹ̀kùn mẹ́rin, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ òórùn títì, ó ń kùn hùn-ùn bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìgò òróró já bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ra ìyẹn.” Mo ní kó kọ́kọ́ ra òróró. Ìyà tí ìyá wa fi jẹ wá lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì la jọ pín in, mi ò sì fọ́ ìgò kankan.

Ìgbà tí mo rò pé ó ti gbàgbé ló wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó ti ń fi owó pamọ́ láti ọdún gbọ́nhan, kò sì sọ fẹ́nì kan. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, “Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo ń jókòó sí. Mo fẹ́ jókòó sí àyè awakọ̀ nínú mọ́tò gidi, kí orúnkún mi tó kọ̀.” Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn pè é pé kó ra mọ́tò kékeré tí kì í mu epo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní kí n bá òun lọ wo èyí tó wu òun, torí bí òun bá dá lọ, wọ́n á fi ẹnu dídùn ra òun níyè.

Ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò náà, gíláàsì ni láti òkè délẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé mo fẹ́ bọ́ bàtà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde sí wa, eyín rẹ̀ funfun, ẹ̀rín rẹ̀ ò lópin. Mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ó ní mọ́tò kan náà ni o, àmọ́ ìpele mẹ́ta ló ní, ọwọ́ ẹni ló ń sọ èyí tó tọ́ sí ẹni. Ìpele kìíní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, aṣọ ni wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀. Àbúrò mi gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní, “Kìnnìún tí ò léyín.” Ìpele kejì, ẹ́ńjìnnì ńlá ló ní, awọ ni ìjókòó rẹ̀, táyà rẹ̀ sì fẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi èékánná yẹ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wò lára awọ náà. Ẹni tó rán an mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ kan ò ju ìkejì lọ. Mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ìpele kẹta ló wá fi ọkàn tà. Òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ìjókòó rẹ̀ ń fọwọ́ ra èèyàn lẹ́yìn, ó sì ní ojú ẹ̀rọ kan lókè gíláàsì iwájú. “Bí nǹkan bá já lu títì tí ẹ ò tètè rí i, mà,” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, “mọ́tò yìí á tẹ bíréékì fúnra rẹ̀.”

Àbúrò mi wò ó bí ológbò tí wọ́n sọ fún pé eku ti gba iṣẹ́ rẹ̀. “Á tẹ bíréékì fún mi? Fún èmi?” Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. “Ọmọ mi,” ló wí, “òwò tèmi lo fẹ́ tà fún mi yẹn. Ìpele kejì ni mo fẹ́. Pupa.” Ẹlẹ́rìn-ín ní ọ̀dà pupa náà lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀, pé ọ̀dà pàtàkì ni. “Pupa ni mo wí,” ni àbúrò mi dá a lóhùn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí a padà, kò wá bébà, kò wá bírò. Ó kó àwọn agolo ọ̀dà rẹ̀ jọ sínú àgbàlá, ó sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kún ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Gbogbo owó rẹ̀ ni òkúta yẹn dúró fún. Agolo kan jẹ́ ti mọ́tò fúnra rẹ̀, ọ̀kan ti owó adójútòfò, torí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í gba ti tálákà, ọ̀kan ti táyà, ọ̀kan ti epo, ọ̀kan ti mẹkáníìkì. Agolo tó gbẹ̀yìn ni ti pupa. Ó kọ́kọ́ dán ìpele kẹta wò. Òkúta tán kó tó dé agolo táyà. Ó ní, “Mọ́tò tí ò ní táyà, ilé ni.” Ó dán ìpele kìíní wò, òkúta ṣẹ́ kù, àmọ́ ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó wá dán ìpele kejì wò, ó ń sọ òkúta sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ ọ, kò, kò, kò, títí tó fi kan agolo pupa. Òkúta tó gbẹ̀yìn bọ́ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo.

“Ó pé,” ló wí. Ó tún wò wọ́n yí ká. “Mo mọ àwọn tó ra mọ́tò ńlá tí wọn ò rówó epo rà sí i. Ibi ìsáṣọ ló dà báyìí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.” Mo sọ fún un pé mo ti ń rán aṣọ fún àwọn olówó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò sì rí èyí tó ń fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ náwó. Ó ní kí n má pọ́n òun mọ́, kí n bá òun kó òkúta sínú àpò, ká gbé agolo padà sí pápá, akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀.

Ọjọ́ tí a máa lọ dán mọ́tò wò dé. Ìpele kẹta nìkan ló wà níkàlẹ̀ fún ìdánwò, Ẹlẹ́rìn-ín ní kò séwu, ẹ́ńjìnnì kan náà ni pẹ̀lú ti ìpele kejì. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi, èmi wà lẹ́yìn. Àbúrò mi tún ìjókòó ṣe, ó tún gbogbo dígí ṣe, ó de bẹ́líìtì, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tún wo ẹ̀yìn. Mo ní, “Ṣé a ti dé ni?” Ó ṣáná sí i. Ìró ẹ́ńjìnnì náà bá mi nísàlẹ̀ ikùn, mo sì rí ojú àbúrò mi nínú dígí. Ojú ọmọdébìnrin tó fọ́ ìgò òróró ni.

A jáde sí títì. Ó kọ́kọ́ rọra bí ìgbín, ó wá tẹná díẹ̀, mọ́tò náà sì gbéra bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn. Inú Ẹlẹ́rìn-ín náà ń dùn. Ó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kan níwájú láti fi nǹkan hàn wá, ó sì na ẹsẹ̀ kó lè débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe mira, àbúrò mi yíjú sí i.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́, torí ibẹ̀ ni ewu máa ń ti wá. Kò sẹ́ni tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn àfi ẹni tó ń kọ́ni ní mọ́tò. Ó gbàgbé pé òun lòun ń wà á. “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ẹ, ẹsẹ̀ ẹ,” ló ń wí, ojú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ bàtà Ẹlẹ́rìn-ín nígbà tí fóòmù kan bọ́ sójú títì.

Fóòmù ni mo wí. Ọkùnrin kan ló rù ú, fóòmù bo gbogbo orí àti ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ni mo rí lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọdá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mọ́tò dún pí-pí-pí, ó sì dúró fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì gbá mi mú mọ́ ìjókòó. Fóòmù náà kọjá lọ, títí dòní ni ẹni tó rù ú ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

“Ẹ ò rí i, mà!” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. “Ohun tí mo sọ nìyẹn!” Ọmọ náà rò pé ọjà ti tà. Àbúrò mi pa mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. “Jọ̀ọ́, ìwọ ni kó o wà á padà.”

A délé. Ó dúró nínú àgbàlá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ra mọ́tò mọ́. Mi ò lè wakọ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n wò. Bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ yẹn, mi ò bá ti pa ọmọ ọlọ́mọ.” Ó gbé àpò òkúta rẹ̀, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ló ń wò. Ó ń wo gbogbo ọdún tó ti fi ń pe ara rẹ̀ ní olùkọ́, ojú sì ń tì í. Mo wọlé lọ bínú sí fóòmù.

Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń jẹun, kò dárúkọ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí nínú bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sínú aṣọ oníbàárà, tí mi ò rí i. Mo gbé iṣẹ́ mi, mo lọ jókòó sí pápá.

Oníbúrẹ́dì kan ló ń kọ́ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin gìrìwò, apá rẹ̀ tóbi ju sítíárìn lọ. Àbúrò mi ní kó fẹ̀yìn wọ àárín agolo. Ó fẹ̀yìn, ó wó agolo kìíní, ó wó ìkejì, ẹ̀rù bà á, ó tẹná, ó sì ń bọ̀ wá bá èmi lórí àpótí tí mo jókòó lé. Mo ti ń wá ibi tí mo máa fò gbà. Mọ́tò dúró gbagidi. Mo lè fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Nínú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi, kò sáré, kò gbóná: “A ò kú. Ṣáná sí i, ká máa lọ.”

Ìyẹn ló bí mi nínú. Mo dìde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, aṣọ oníbàárà ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Kí lo sọ fún oníbúrẹ́dì yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Mo ní kí lo sọ fún un?”

“Mo ní a ò kú.”

“Ó fẹ́ pa mí! Ṣé o lé e lọ? Ṣé o ní kó lọ jókòó ti búrẹ́dì ẹ̀, kó má fọwọ́ kan mọ́tò mọ́ láyé?”

Oníbúrẹ́dì ní kí n má bínú, mà. Mo ní kó dákẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì kàn.

“Gbogbo ìlú yìí lo ti tẹ bíréékì fún,” ni mo wí. “Gbogbo wọn ló ṣe àṣìṣe, o ò sì sọ fún ẹnì kan nínú wọn pé kó máa lọ sílé. Ẹnì kan ò tẹ̀ ẹ́ fún ìwọ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí nǹkan wá tẹ̀ ẹ́ fún ọ, o lọ da òkúta nù. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tó dáa fún gbogbo ayé ò dáa fún ìwọ? A ò kú! Ṣáná sí i, jàre!”

Ẹsẹ̀ àbúrò mi ṣì wà lórí bíréékì. Omi wá bọ́ lójú rẹ̀, àbúrò mi tí kì í sunkún, ó ń kán sórí bẹ́líìtì tó de àyà rẹ̀, kò sì nù ún. “Òótọ́ ni,” ló wí. “Ẹnì kan ò tẹ̀ ẹ́ fún mi rí.” Nígbà tí mo wo oníbúrẹ́dì, òun náà ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la ṣa òkúta padà, a sì tún pín in sínú àwọn agolo. Ó pe Ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó bi í bóyá wọ́n lè fi ojú yẹn sára ìpele kejì, ojú yẹn nìkan, láìsí òrùlé, láìsí ìjókòó tó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn. Ìyẹn lọ bi àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó sì pè padà pé ó ṣeé ṣe, tí a bá lè dúró kó ti iléeṣẹ́ wá. Ó sọ iye rẹ̀. Àbúrò mi gbé agolo tuntun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù, òfìfo, ó sì dúró tì í. Kò sí agolo tó ṣeé bù nínú rẹ̀. Bó bá bu ti táyà, mọ́tò á di ilé. Bó bá bu ti epo, á di ibi ìsáṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé agolo pupa, ó dà á sínú agolo tuntun.

Mo fò dìde. “Pupa kẹ̀! Pupa tí o tìtorí ẹ̀ fọ́ òróró, tí mo tìtorí ẹ̀ jẹyà! Àwọ̀ wo ni wọn ò gbowó lé?”

“Funfun.”

“Funfun! Bíi ti mọ́tò tí o fi ń kọ́ wọn? Kí ó di pé tí o bá ń kọjá, wọ́n á rò pé iṣẹ́ lò ń lọ?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó wà níta ni pupa wà fún. Inú lèmi máa wà.”

Orí mi wú. Mo mọ̀ pé àbúrò mi gbọ́n, àmọ́ ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó gbọ́n jù mí lọ, mo sì sọ fún un. Ó ní òun á rán mi létí.

Mọ́tò náà pẹ́ kó tó dé, mo sì fi gbogbo ìgbà yẹn yọ Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́nu lórí fóònù. Ọjọ́ tó dé, wọ́n gbé e síta sínú oòrùn, ó funfun, imú rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, ó rẹwà ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo lọ síbi ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kí n wọlé, mo sì forí gbá àbúrò mi. Ibẹ̀ lòun náà gbà lọ, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn.

“Ibo lò ń lọ?” ni mo bi í.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, a bú sẹ́rìn-ín débi pé Ẹlẹ́rìn-ín sá jáde wá wo ohun tó dé. Ó wá yí gba iwájú mọ́tò, ó rọra lọ sí apá kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn àyè awakọ̀, ó sì jókòó síbẹ̀.

Èmi jókòó síbi tí òun ti jókòó ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mi ò tíì jókòó síwájú mọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ rí, torí àyè iṣẹ́ rẹ̀ ni. Títì la máa ń rí níbẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ la sì ń rí, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ tiwa. Mo wá mọ irú ọkàn tó ń gba èèyàn láti jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó má pariwo. Èmi ò ní lè ṣe é lọ́sẹ̀ kan.

Nígbà tí a dé ọ̀nà márosẹ̀, títì ṣí sílẹ̀, ó tẹná. Mọ́tò náà kùn hùn-ùn bíi ti oríta wa nígbà èwe, àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sẹ́yìn. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, iná ẹ̀yìn tírélà kan pọ́n níwájú wa, kí n sì tó mọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti tẹ ilẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ gbọin.

Àbúrò mi ti ń tẹ bíréékì tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú tó wà lókè gíláàsì ò rí iṣẹ́ ṣe. Kò yíjú wò mí, títì ló ń wò.

“Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Ẹ ṣé.”

Mo ní kó dákẹ́, kó máa wakọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbé ẹsẹ̀ mi kúrò níbẹ̀ títí a fi délé.